Bí A Ṣe Gbé Orí Mọ́ríámọ̀ Lọ sí Ìbàdàn

Láti ọjọ́ tí a ti dé, kò sí ẹni tó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi tí kò dúró bi mí pé báwo ni Ìbàdàn ṣe rí. Mo ti ro ẹjọ́ náà títí ẹnu fi ń ro mí. Bí mo bá sọ ọ́ ní Ọ̀jọ́ ní àárọ̀, tó bá fi máa dé Ìbà ní ọ̀sán, wọ́n ti ń sọ ọ́ pé ńṣe ni òyìnbó tú orí ọmọ kúrò lọ́rùn, tó fọ̀ ọ́, tó sá a, tó sì dá a padà. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ purọ́ mọ́ ọn lè mọ ibi tí òótọ́ parí sí kó tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Télọ̀ ni mí, ní Okókomáíkò. Lẹ́yìn iṣẹ́ aṣọ, mo mọ ìṣègùn òyìnbó díẹ̀. Akọ̀wé kan tó ń kó lọ sí Èkó ló fi ìwé ìṣègùn kan sílẹ̀ fún mi, mo sì kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní. Ìyàwó akọ̀wé náà ti ya bí àádọ́ta ojú ìwé níwájú rẹ̀, ó fi di àkàrà. Àwọn ojú ìwé wọ̀nyẹn ló sọ̀rọ̀ orí. Nítorí náà, mo mọ ara ènìyàn dáadáa, láti ọrùn lọ sísàlẹ̀.

Ọmọ tí mo ń sọ ni Mọ́ríámọ̀, ọmọ Sàfúrá àbúrò mi. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Baba rẹ̀ wà lójú omi lọ́nà Kútọnu, níbi tí ó ti ń pẹja, kò sì sí ẹni tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ọmọ tí mo bá rán fìlà fún, ìwọ̀n orí wọn wà nínú ìwé mi. Nígbà tí mo rán fìlà Iléyá fún Mọ́ríámọ̀, ínṣì mẹ́tàdínlógún géérégé ni orí rẹ̀, láti òkè ìpéǹpéjú yípo dé ibi tí ìpàkọ́ ti yọ jù. Lẹ́yìn Iléyá ni ibà mú un. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní Ọ̀jọ́, ibà náà rọlẹ̀, ó tún padà, ó tún lọ. Ó di ogúnjọ́ kí Sàfúrá tó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

“Bùọ̀dá, fìlà yìí ò wọlé mọ́.”

Ìyá wa tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní, “Ìwọ télọ̀ yìí, orí ọmọ ọwọ́ lásán, o ò mọ̀ ọ́n wọ̀n.”

Mo fa téèpù yọ. Ínṣì méjìdínlógún ó lé kọ́tà mẹ́ta. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi ìka tọ́ àwùjẹ̀ rẹ̀ wò. Ó le, ó sì yọ sókè ju egungun lọ bí ìnípọn bọ́tìnnì aṣọ òtútù. Ọmọ náà kò sunkún, ó kàn ń wo ìsàlẹ̀ bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bì sára ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Àwọn ará ilé ti ń yin orí náà tẹ́lẹ̀. Orí ńlá, orí olówó, orí ẹni tí yóò joyè. Bàbá kan wà ní ìtòsí wa tó ń wá wò ó láràárọ̀ kó tó lọ sóko, ó ní òun ń gba ire lára rẹ̀. Èmi náà mà gbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n téèpù kì í yin ènìyàn, kì í sì í bú ènìyàn. Bí orí bá fi ogún ọjọ́ kúrò ní mẹ́tàdínlógún, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé mọ́kàndínlógún, kì í ṣe oyè ló ń bọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rán fìlà tuntun fún un ní ìwọ̀n yẹn gan-an, kí ojú ayé má baà máa wò ó lójú ọ̀nà.

Èkó

Ọmọ Ègùn kan ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé èmi, ìyá mi àti Sàfúrá pẹ̀lú ọmọ láti Ọ̀jọ́. Kò sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ láti ibẹ̀ dé Èkó. Àkọ́kọ́ ni pé kí Sàfúrá tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, nítorí orí rẹ̀ ń jù síwá sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kejì ni pé kó gbé e ti àpò àgbọn, kí orí wà lókè. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni “Ẹ sọ̀kalẹ̀.” Mo ti pàdé àwọn onímọ̀ púpọ̀ láti ìgbà náà, mi ò tíì rí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ tọ̀nà tó báyẹn.

Mo rò pé Ìbàdàn ni mo ti máa di àlejò. Èkó ni mo ti dì í. Akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn bi mí pé níbo la ti wá.

“Ọ̀jọ́, sà.”

“Ìlú wo nìyẹn?”

“Ibi tí àgbọn tí wọ́n fi ń se ìrẹsì fún yín ti ń wá ni, sà.”

“Ṣé ilẹ̀ Faransé ni?”

Ọkọ̀ ojú omi lásán ló gbé wa débẹ̀, iyọ̀ omi wa kò tíì gbẹ lára mi, ọkùnrin yìí sì ti tì mí kọjá ibodè. Ó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Títí di òní, mi ò mọ ìlú tó kọ fún wa.

Dókítà tó rí wa jẹ́ ọ̀dọ́, ọmọ ilẹ̀ wa. Ó tẹ àwùjẹ̀, ó tan iná sí ọmọ lójú, ó gbìyànjú láti tẹ ọrùn rẹ̀ síwájú, ọrùn sì kọ̀. Ó kọ lẹ́tà kan, ó lẹ̀ ẹ́ pa.

Ó ní, “Ìbàdàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú orí àwọn ọmọdé. Ẹ má dúró kí ẹni kankan.”

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ìyá mi kò fẹ́ràn. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò tíì gba oògùn tó ní kí ènìyàn má kí ènìyàn.

Nínú rélùwéè

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé báwo ni rélùwéè ṣe ń rìn, ó ń rìn bí ọkọ̀ ojú omi tó bínú. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni àwọn tó wà nínú rẹ̀. Mo ka ènìyàn mẹ́tàdínlógójì nínú kọ́ọ̀ṣì wa, dókítà sì ni gbogbo wọn.

Ìyá kan tó ń gbé adìyẹ lọ sí Abẹ́òkúta ní kí a fi òrí pa àwùjẹ̀, kí a fi ewé bò ó. Ọkùnrin tó jókòó tì í ní òrí kọ́, àdí ni. Ìjà òrí àti àdí yìí gbóná títí adìyẹ fi ń ké. Bàbá kan tó wọ kóòtù ní kí a dorí ọmọ kodò kí omi tó bá wà nínú orí náà lè gba imú jáde. Ọmọbìnrin kan wò wá tìkàtìkà, ó ní, “Ẹ ti pọ̀n ọ́n jù ni. Ẹ̀yin ará etí omi, ẹ kì í sọ ọmọ kalẹ̀.”

Ìyá mi dá a lóhùn pé, “Ìwọ mélòó lo ti bí?”

“N ò tíì bí, màmá.”

“Ó hàn.”

Èmi náà bá wọn sọ díẹ̀. Mo ṣàlàyé ẹ̀dọ̀ fún wọn, mo ṣàlàyé ìfun, wọ́n sì gbọ́ mi dáadáa. Nígbà tí bàbá oníkóòtù ní kí n wá ṣàlàyé orí, mo ní ibùdókọ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Ìbàdàn

Láti ojú fèrèsé, òrùlé páànù ni mo rí, gbogbo rẹ̀ ti dípẹtà, ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gun òkè mìíràn, bí ẹni pé ẹnì kan da agbádá kan tí kò lópin sórí ilẹ̀. Mi ò rí omi. Ìyá mi béèrè lọ́wọ́ èrò tó kọ́kọ́ rí pé níbo ni omi ìlú yìí wà. Ẹni náà nawọ́ sí ẹ̀rọ omi. Ìyá mi ní òun kò bi í ní èyí tí wọ́n ń mu.

Ilé bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí ní Mọ́kọ́lá ni wọ́n fi wá wọ̀ sí. Wọ́n gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìkíni àwọn ará Ìbàdàn: ó gùn ju ọ̀nà tí a gbà wá lọ. Wọ́n kí wa kú ọ̀nà, kú ewu, kú àìsàn ọmọ, kú ìfaradà, kú ọ̀rọ̀ òyìnbó, wọ́n sì tún padà sí kú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n bá kí ọ tán, wọn a bú ọ díẹ̀ kí ara lè tù ọ́. Bàbá rélùwéè wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, “Ìka ẹsẹ̀ yìí mà jìnnà síra wọn, télọ̀. Ẹ mà ti lúwẹ̀ẹ́ púpọ̀ o.”

Oúnjẹ wọn pọ̀, iyán wọn funfun bí aṣọ ìkúnlẹ̀ àdúrà, ẹ̀wà wọn sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹja! Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, ẹja tí a fi se ọbẹ̀ ènìyàn méje ní Mọ́kọ́lá, bí ó bá bọ́ sínú àwọ̀n wa, a ó dá a padà sínú omi pé kó lọ dàgbà. Ó gbẹ, ó ká ìrù rẹ̀ sẹ́nu, ojú ti òun náà. Ìyàwó bàbá rélùwéè fi gbogbo rẹ̀ síwájú ìyá mi nítorí ọ̀wọ̀. Ìyá mi dúpẹ́, ó wò ó pẹ́, ó ní, “Ta ló kú nínú ẹbí ẹja yìí?”

Wọ́ọ̀dù

Dókítà òyìnbó náà ga, ó sì gbọ́ Yorùbá gbólóhùn méjì: “Ẹ kú àárọ̀” àti “Ó ń bọ̀ wá dáa.” Kò sí àkókò tí kì í lo méjèèjì. Nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ fún un jẹ́ obìnrin Èkìtì kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Sísítà ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ. Wọ́n ní yírùnyírùn ló mú un ní Ọ̀jọ́, abẹ́rẹ́ tí a gún kò pọ̀ tó láti pa á tán, ó sì kó omi jọ sí àárín agbárí àti ọpọlọ. Sísítà fi ọwọ́ rẹ̀ méjì ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ó di ọwọ́ kan ní ẹ̀ṣẹ́, ó fi ìkejì bò ó, ó ń fún un pọ̀. “Egungun kì í yẹ̀ fún omi. Ọpọlọ ló máa yẹ̀. Bó bá sì yẹ̀ jù, ọmọ á lọ.”

Èyí ni ohun tí wọ́n ṣe, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pátá. Abẹ́rẹ́ penisílíìnì ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ibùsùn méjèèjì tó wà níhà orí sórí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, ó ga ní ínṣì mẹ́fà, kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn kúrò lórí. Ọrùn ọmọ kò gbọdọ̀ wọ́. Kò gbọdọ̀ sunkún bí a bá lè rẹ̀ ẹ́, nítorí ẹkún ń ti ẹ̀jẹ̀ sí orí. Síbí ni wọ́n fi ń wọn ohun mímu rẹ̀. Ní ọjọ́ kan sí méjì, dókítà á fá irun etí àwùjẹ̀, á ti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bọ̀ ọ́ ní igun, omi á sì máa kán sínú ìgò. Àwọ̀ omi náà dà bí ti omi àgbọn tó ti sùn mọ́jú. Mo dúró wò ó.

Ohun tí a mọ̀ jù

Ọjọ́ kẹfà ni. Wọ́n ti fa omi náà lẹ́ẹ̀mẹta. Aago mẹ́rin ọ̀sán ni èmi àti ìyá mi wọlé fún ìbẹ̀wò. Ọmọ jókòó lẹ́sẹ̀ Sàfúrá, ojú rẹ̀ là. Ìyá mi fi ìka kan àwùjẹ̀ rẹ̀, ó sì pa ohùn dà.

“Ó ti jìn.”

Òótọ́ ni, ó ti wọlé díẹ̀, ó rọ̀. Kò sí obìnrin kan láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà tí kò mọ ohun tí àwùjẹ̀ jíjìn túmọ̀ sí.

Ìyá mi ní, “Òùngbẹ ń pa ọmọ yìí. Síbí, síbí! Ṣé ẹyẹ ni?”

Sàfúrá ní, “Wọ́n ní kí n má fi kún un, màmá.”

Àwọn méjèèjì bá yíjú sí mi. Èmi ni mo kàwé.

Ìwé mi sọ ọ́ kedere, ní orí ọ̀rọ̀ ikùn: ọmọ tó ń ṣu gbuuru, bí àwùjẹ̀ rẹ̀ bá jìn, omi ló tán lára rẹ̀, kí a fún un lómi. Mo mọ ojú ìwé náà. Mo mọ ìlà rẹ̀. Pé ọmọ yìí kò ṣu gbuuru, pé abẹ́rẹ́ ló fa omi kúrò lábẹ́ àwùjẹ̀ náà níṣojú mi, èyí kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Mo ní, “Ẹ fún un lómi.”

Sísítà wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé lọ́dọ̀ ọmọ mìíràn. Ìyá mi tẹ́ ọmọ sórí itan, orí rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ níhà orúnkún. Ó ká ọwọ́ òsì yí ẹnu rẹ̀ ká, ó ń da omi sí i, ọmọ ń ké, ó ń gbé e mì. Báyìí la ṣe ń rọ ọmọ ní ilẹ̀ wa, báyìí ni wọ́n ṣe rọ èmi náà dàgbà. Nítorí pé mo fẹ́ràn kí nǹkan péye, mo ka kọ́ọ̀bù náà. Kọ́ọ̀bù mẹ́ta. Ìyá mi kì í da omi sílẹ̀.

Aago márùn-ún kò tíì lù tí gìrì fi mú ọmọ.

Ọwọ́ rẹ̀ le, ojú rẹ̀ yí sókè, àwùjẹ̀ tó jìn tẹ́lẹ̀ sì yọ bọ́tìnnì rẹ̀ padà. Sísítà dé, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rán ènìyàn pe dókítà.

“Kí lẹ fún un?”

Ìyá mi ní, “A ò fún un ní nǹkan kan.” Ó sì tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀.

Mo mọ ohun tí ó ń rò. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n ti ní kí obìnrin kan kó ẹrù rẹ̀ jáde nítorí ìgò àgbo lábẹ́ ìrọ̀rí. Bí wọ́n bá lé wa, kò sí ibi tí a ó gbé orí yìí lọ mọ́.

Sísítà kò pariwo. Ó ní, “Bí ẹ kò bá fún un ní nǹkan, a jẹ́ pé àìsàn náà ló tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí a ó gbà fún ìyẹn yàtọ̀. Ẹ sọ, kí n mọ èyí tí a ń ṣe.”

Mo ní, “Omi ni. Kọ́ọ̀bù mẹ́ta. Ó ga ní ínṣì méjì, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì méjì. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó sì sunkún títí a fi ṣe tán. Èmi ni mo ní kí wọ́n fún un.”

Ìyá mi yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí tèmi.

Sísítà wò mí. “Kí ni iṣẹ́ yín?”

“Télọ̀ ni mí.”

“Àwọn tó ń purọ́ fún mi kì í mọ gíga kọ́ọ̀bù.”

Dókítà sáré dé, ó ní “Ẹ kú àárọ̀” ní ìrọ̀lẹ́ pátápátá, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Sísítà sọ iye omi náà fún un. Wọ́n fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ tó dá gìrì dúró. Wọ́n ti omi ṣúgà tó ki bí oyin sínú iṣan rẹ̀, Sísítà ní ó máa fa omi jáde láti inú ọpọlọ bí iyọ̀ ṣe ń fa omi jáde lára ẹja. Ẹni tó wá láti Ọ̀jọ́ kò nílò ìwé fún ìyẹn. Wọ́n tún fi abẹ́rẹ́ fa ti orí. Lẹ́yìn náà, a jókòó, a ń wo àwùjẹ̀ náà. Ó ń lù, ó ń lù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Sàfúrá kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí èmi àti ìyá wa.

Wọn kò lé wa. Ìyà tí Sísítà fi jẹ wá le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé síbí lé ìyá mi lọ́wọ́.

“Màmá, ẹ̀yin ni ẹ ó máa fún un. Síbí kan, kí ẹ ka ọgọ́rùn-ún, kí ẹ tó fún un ní ìkejì. Bí àwùjẹ̀ bá jìn díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ kí i kú àbọ̀. Ohun tí a ń wá ni.”

Ìyá mi, tó ti fi ọwọ́ rọ ọmọ méje àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, jókòó ti ibùsùn tó gun búlọ́ọ̀kù, ó ń ka ọgọ́rùn-ún sókè bí ẹni tó ń ka ẹja sínú agbọ̀n. Bó bá dé ọgọ́rin, tí ẹnì kan bá kí i, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Kò pẹ́ tí gbogbo wọ́ọ̀dù fi dẹ́kun kíkí i. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ pé dókítà Èkó yẹn mọ ohun tó ń sọ.

Èmi, wọ́n gba téèpù mi, wọ́n so ó mọ́ irin ibùsùn. Láràárọ̀, ní aago mẹ́jọ, Sísítà á ní, “Télọ̀.” Mo wọn orí náà ní ojú kan náà. Méjìdínlógún ààbọ̀. Méjìdínlógún ààbọ̀. Méjìdínlógún ó lé kọ́tà. Nígbà tó di ọjọ́ kọkàndínlógún, abẹ́rẹ́ wọlé, kò sì rí omi kankan fà. Dókítà ní “Ó ń bọ̀ wá dáa.” Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó bá àsìkò mu.

Ilé

Nígbà tí a gúnlẹ̀ sí Ọ̀jọ́, ọ̀rọ̀ ẹja Ìbàdàn ni wọ́n kọ́kọ́ bi wá. Ẹnikẹ́ni tí mo sọ ti búlọ́ọ̀kù fún lọ sílé lọ gbé ibùsùn rẹ̀ sókè. Bàbá tó ń gba ire lára orí ọmọ ní orúnkún ń dùn òun, ó gbé tirẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, láràárọ̀ ni ó ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ níhà ẹsẹ̀. Ó ní oògùn náà ń ṣiṣẹ́, nítorí òun kì í pẹ́ jí mọ́.

Ẹ̀yin ìyá, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó, kó dákẹ́, kí ẹ tó tọ́ àwùjẹ̀ rẹ̀ wò. Bó bá yọ, tó le, tí ibà àti èébì bá wà níbẹ̀, ẹ má yin orí náà. Ẹ gbé e lọ. Bí dókítà bá sì béèrè ohun tí ẹ fún un, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sọ gíga kọ́ọ̀bù pẹ̀lú.

Fìlà tí mo rán fún ìrìn-àjò náà bọ́ bo Mọ́ríámọ̀ lójú lọ́jọ́ tí a dé. Mo mú síṣọ́ọ̀sì kí n gé e kù, ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kí orí rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ bá a.” Ó fi kọ́ ìṣó nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ náà gun àpótí, ó já a, ó sì dé e. Ó bá a mu géérégé. Ibi tí àìsàn fẹ́ fi ogún ọjọ́ gbé orí rẹ̀ dé, ọdún méjì ló fi rìn ín. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí mi pẹ́ títí, ó bọ́ ọ, ó nà án sí mi.

“Bùọ̀dá Télọ̀, kò wù mí. Ẹ rán òmíràn.”

Mo fa téèpù yọ.